Òórùn Tí Ó Kù Nínú Aṣọ: Ìrìn-àjò Wa sí Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ sí Ìṣẹ́yìn ní ìgbà ọyẹ́, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti fi ilẹ̀ igbó sílẹ̀. Ní ìhà Ìbàdàn, ọ̀rinrin ṣì wà nínú afẹ́fẹ́, a sì ń gbóòórùn ewé tútù. Ṣùgbọ́n bí a ti ń súnmọ́ Òkè-Ògùn, òórùn koríko gbígbẹ, ti eruku pupa, àti ti èéfín iná tí a fi sun ìgbẹ́ ni ó gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ilẹ̀ a tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ. Igi emi àti igi igbá a dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀dàn, àpáta ńláńlá a sì yọ orí láàárín wọn. Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni a lọ, nígbà tí ètè ń là, tí imú sì ń gbẹ.

Iṣẹ́ tí ó gbé wa lọ kò kan àwọn òǹkàwé wa. Ìwé kan ni a lọ fi ọwọ́ sí. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ni ọ̀rọ̀ lọ́fínńdà tí a bá pàdé ní ọ̀nà, èyí tí a kò wá lọ, ṣùgbọ́n tí ó gba ọkàn wa ju iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ afẹ́ lásán ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé kan rú lójú wa.

Igi kan wà nínú ọ̀dàn yìí tí a ń pè ní ìyá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀pọ̀ igi ti wọ́wé ni ó máa ń tanná funfun, tí òórùn òdòdó rẹ̀ sì máa ń dé ojú ọ̀nà. Bí a bá gbẹ́ ihò sí ara rẹ̀, oje olóòórùn a máa sun jáde, èyí tí àwọn àgbà máa ń jó lórí ẹ̀yinná kí èéfín rẹ̀ lè wọ inú ilé àti inú aṣọ. Àwọn oníṣòwò aláwọ̀ funfun fi orúkọ Ìlọrin pe oje yìí, nítorí pé láti ìhà ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i rà. Ìyá yìí ní ìbátan kan nínú igbó dúdú, orúkọ rẹ̀ ni òjíá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní eré Kérésìmesì yóò ti dá orúkọ náà mọ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́, èyí tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, igi tí ń mú òórùn ẹ̀bùn kẹta àwọn amòye wá kò sí ní ilẹ̀ wa, nítorí ní Sòmálíà àti ní Arébíà ni ó ti ń hù. Orúkọ òjíá wa ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Fún ẹ̀bùn kejì, wọ́n lo tùràrí, èyí tí a yá lọ́wọ́ àwọn Haúsá. Bẹ́ẹ̀ ni lọ́fínńdà pàápàá ṣe jẹ́ orúkọ òdòdó kan ṣoṣo ní òkè òkun, òdòdó tí ẹnikẹ́ni kò gbìn rí ní Òkè-Ògùn. Ní ẹnu wa ni ó ti di orúkọ gbogbo ohun olóòórùn dídùn tí ó wà nínú ìgò.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹtà, ẹranko òru tí àwọn ọdẹ ọ̀dàn mọ̀ dáradára. Ohun kan wà lábẹ́ ìrù rẹ̀ tí òórùn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò fi sá, ṣùgbọ́n tí a bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òróró mìíràn, a mú kí wọ́n dùn, kí wọ́n sì pẹ́ lára. Ní Ethiopia, wọ́n ṣì ń sin ẹtà nítorí èyí. Ní 1692, Daniel Defoe, ẹni tí ó wá kọ ìwé Robinson Crusoe lẹ́yìn náà, ra ẹtà 70 ní ẹ̀bá Lọ́ńdọ́nù kí ó lè máa ta ohun olóòórùn yìí. Gbèsè ni ó jẹ lọ́dún náà, wọ́n sì gba àwọn ẹranko náà lọ́wọ́ rẹ̀. Chanel No. 5, lọ́fínńdà Faransé tí ó jáde ní 1921, ní ti ẹtà nínú títí di 1998, nígbà tí wọ́n fi èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe rọ́pò rẹ̀. Orúkọ kan náà ni ó ń jẹ́, ìgò kan náà ni ó wà nínú rẹ̀. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ní Ìṣẹ́yìn, ní àdúgbò kan tí ariwo òfì kì í dákẹ́ ní ọ̀sán, a wọ ilé ìyá àgbàlagbà kan. Ahunṣọ ni ọkọ rẹ̀ ní ìgbà ayé rẹ̀, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí ó ti sùn. Kò sí ìdí tí a ó fi dárúkọ wọn. A kò tíì mu omi tán tí a fi mọ̀ pé ìjà wà nínú ilé náà. Agbádá sányán kan tí bàbá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ni ó fa á. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yóò gbé ìyàwó lẹ́yìn Àjíǹde, ìyá ọmọ náà, tí í ṣe àkọ́bí ilé, sì fẹ́ kí ó wọ agbádá yìí. Èyí tẹ́ ìyá àgbà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ní a ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ìyá àgbà sì ní bí omi bá kan aṣọ náà, òun kò ní bá wọn dé ilé ìyàwó.

Ohun tí ó bà á nínú jẹ́ ni èyí. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, fún ìwọ̀n ogójì ọdún, ọkọ rẹ̀ máa ń kán lọ́fínńdà kan sí ọrùn agbádá náà kí ó tó lọ sí ilé ìsìn. Bint el Sudan ni, èyí tí àwọn ènìyàn wa sọ di Bíńtù, ìgò kékeré tí àwòrán ọmọbìnrin ará Sùdánì wà lára rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, inú àpótí irin ni aṣọ náà wà, pẹ̀lú káńfọ̀ tí a fi bébà wé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ní àyájọ́ ikú rẹ̀, ni ìyá máa ń ṣí i, tí yóò gbé imú lé e, tí yóò sì pa á dé kíákíá. Ó ní bí òun bá ṣí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, bàbá yóò tán nínú rẹ̀.

“Màmá, òórùn wo ni ó kù nínú rẹ̀?” ni ọmọbìnrin náà wí. “Káńfọ̀ nìkan ni mo ń gbọ́.”

“Imú tìrẹ ni ó dí. Tèmi kò tíì dí.”

Ọmọbìnrin náà ti ra ìgò Bíńtù titun láti Ṣakí ní ọdún méjì sẹ́yìn, kí ó lè fi tu ìyá rẹ̀ nínú. Ìyá gbóòórùn rẹ̀, ó sì dá a padà. Ó ní ọkùnrin mìíràn ni èyí, òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Wọ́n wá ní kí àwa dá ẹjọ́. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni ó ṣí àpótí. “Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò, kí ẹ sì sọ òtítọ́.” A gbé imú lé ọrùn agbádá náà. Káńfọ̀ ni ó kọ́kọ́ kọlù wá, lẹ́yìn náà òórùn sányán fúnra rẹ̀, tí ó dà bí ti igi gbígbẹ. Ẹni tí ó bá wa rìn ní òun gbọ́ ohun dídùn kan lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í pé kí ni, kò lè sọ. Bí a ti wà lórí èyí ni ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ gbé wọlé, ọmọ Ìgbòho, tí ó ti wà ní ẹ̀yìnkùlé láti òwúrọ̀, gbé àwo oúnjẹ wọlé. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó wo ojú wa, ó wo ìhà yàrá, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, bàbá wo ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé?”

Ẹnikẹ́ni kò fọhùn. Ìyá àgbà ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ó fi etí aṣọ nu ojú. Ọmọbìnrin ará Ìgbòho náà kò mọ bàbá náà rí. Kò tilẹ̀ mọ ohun tí a ń jà lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Imú ènìyàn kì í jẹ́rìí ohun tí ó bá wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí òórùn kan kò bá yí padà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ọpọlọ a dẹ́kun láti kà á sí, kí ó lè fi etí sí ohun titun. Ìdí nìyí tí obìnrin tí ń se irú ní Òkè-Ògùn kò fi mọ̀ pé irú ń rùn, tí àwa àlejò sì ń fi ọwọ́ bo imú. Ìdí náà nìyí tí arábìnrin kan ní ìjọ, ẹni tí ó ti ń lo lọ́fínńdà kan láti ogún ọdún, fi máa ń fi kún un lọ́dọọdún títí tí àwọn tí ó jókòó tì í yóò fi máa húkọ́: òun kò gbọ́ ọ mọ́, ó rò pé kò sí níbẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ni díńgí ẹni ní ti òórùn. Ọmọbìnrin ilé náà ti tẹ̀ mọ́ àpótí káńfọ̀ fún wákàtí kan, inú òórùn bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Àlejò láti Ìgbòho ti ìta wọlé pẹ̀lú imú tí afẹ́fẹ́ ti fọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà. Nígbà tí ara rọ gbogbo wa, ọmọbìnrin ilé náà sọ pé láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti mú òun ní 2020, ọbẹ̀ ti jóná lórí iná rí tí òun kò mọ̀ títí èéfín fi wọ ojú òun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá rẹ̀, tí ó ti ń fi ìbínú sọ pé imú rẹ̀ dí, dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àrùn náà gba òórùn lọ́wọ́ wọn káàkiri ayé, tí ti àwọn kan kò sì padà bọ̀ sípò dáradára. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé wa bá wà ní irú ipò yìí, kí ó má ṣe fi í pamọ́, kí ó sì fi han dókítà, nítorí ẹni tí kò gbóòórùn kò lè mọ̀ bí gáàsì bá ń jò nínú ilé ìdáná. Ọ̀nà ìwòsàn kan wà tí Thomas Hummel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dresden, ní ilẹ̀ Jámánì, kọ ìròyìn rẹ̀ ní 2009: kí aláìsàn máa gbóòórùn ohun mẹ́rin ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Òórùn òdòdó róòsì, ti yúkálípítọ̀sì, ti ọsàn kíkan àti ti kànáfùrù ni wọ́n lò. Kì í wo gbogbo ènìyàn sàn, ṣùgbọ́n ó ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. A kọ ọ́ sínú ìwé kan fún ọmọbìnrin náà. Kànáfùrù àti ọsàn kò ṣòro láti rí ní ọjà Ìṣẹ́yìn.

Nípa ìgò titun, ìyá àgbà lè jàre níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ W. J. Bush ní Lọ́ńdọ́nù ni ó po Bíńtù ní nǹkan bí 1920, láti inú àwọn òróró tí Eric Burgess fi ránṣẹ́ láti Khartoum. Kò ní ọtí nínú, nítorí náà àwọn Mùsùlùmí gbà á tayọ̀tayọ̀, ó sì bá ọ̀nà àwọn oníṣòwò wọ gbogbo ilẹ̀ ọ̀dàn. Ilé-iṣẹ́ náà ti yí ọwọ́ padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 2000, ó di ti IFF ti Amẹ́ríkà. Kò sí lọ́fínńdà kan tí ó lè la ọgọ́rùn-ún ọdún já láìyí padà. Òdòdó tí a fún ní ọdún kan kì í rí bákan náà pẹ̀lú ti ọdún kejì. Òfin pẹ̀lú a máa dé. Ní 1888, Albert Baur, ará Jámánì kan tí ń wá ohun tí ó lè bú bí ẹ̀tù, ṣèèṣì rí ohun tí ó ń ta sánsán bí mọ́ọ̀skì, èyí tí a ti ń gbà lára ẹranko kan ní àwọn òkè Éṣíà. Láti inú àwàrí yìí ni irú àwọn ohun bẹ́ẹ̀ ti wọ inú lọ́fínńdà púpọ̀. Nígbẹ̀yìn, a rí i pé ọ̀kan nínú wọn, musk ambrette, ń ba ara àti iṣan jẹ́, Yúróòpù sì fòfin dè é. Ní oṣù kẹta 2022, wọ́n tún fòfin de Lilial, tí ń fún ọṣẹ àti lọ́fínńdà ní òórùn òdòdó lílì. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ti ń lo irú nǹkan báyìí kò ní ṣe ju pé kí ó pò ó lọ́tọ̀ lọ, kì í sì í kọ ọ́ sí ara ìgò.

Síbẹ̀, kí a tó dá ilé-iṣẹ́ lẹ́bi, ó yẹ kí a wo ìgò àtijọ́ pẹ̀lú. Oòrùn, ooru àti afẹ́fẹ́ a máa jẹ lọ́fínńdà bí ìpẹtà ti ń jẹ irin. Èyí tí a gbé sí ojú fèrèsé ní Òkè-Ògùn ní oṣù kẹta, tí òrùlé páànù ń gbóná bí agbada, kò ní pẹ́ kí òórùn ọsàn inú rẹ̀ tó kan, kí omi rẹ̀ sì pọ́n. Inú òkùnkùn, níbi tí ó tutù, ni ó yẹ kí a fi í pamọ́ sí. Nínú aṣọ, àwọn ohun tí ó fúyẹ́ ni ó ń kọ́kọ́ lọ: ti ọsàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ti òdòdó láàárín wákàtí, ti igi, oje àti mọ́ọ̀skì ni ó ń gbẹ̀yìn. Nítorí èyí, òórùn tí bàbá náà gbọ́ ní iyàrá rẹ̀ ní òwúrọ̀ kọ́ ni àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní ilé ìsìn gbọ́, èyí tí ìyàwó rẹ̀ sì gbọ́ nígbà tí ó ń ká agbádá náà ní alẹ́ jẹ́ ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta yìí ni ó wà nínú àpótí. Ìgò titun, bí a ti ń ṣí i, kò lè jọ ọ́ láéláé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ni ó pò wọ́n.

A sọ èyí fún ìyá àgbà. Ó ní kí ọmọbìnrin rẹ̀ lọ mú ìgò titun náà wá. A kán an sí àkísà sányán kan, a sì gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ó jọ àbúrò rẹ̀.” Títí a fi kúrò níbẹ̀, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹnu kò pé a kò ní fọ agbádá náà. A ó sá a sí ibòji ní ọjọ́ kan ṣáájú ìgbéyàwó, ọkọ ìyàwó yóò sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, láìfi lọ́fínńdà mìíràn sí i. Ọmọ Ìgbòho náà ni ìyá àgbà gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí fún.

Láti Ìṣẹ́yìn a lọ sí Ṣakí. Ìlú ọlọ́jà ni, kò jìnnà sí ààlà ilẹ̀ Benin, nítorí náà ọjà tí ó bá wọ Kútọnù kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Ìgò lọ́fínńdà wà lórí àtẹ bí ẹ̀wà: ti Dubai, ti Faransé, àti èyí tí ó jọ ti Faransé tí kò dé Faransé rí. Bàbá kan jókòó nínú ìsọ̀ tóóró, ó ń wọn òróró sínú ìgò kéékèèké pẹ̀lú abẹ́rẹ́ oníṣègùn. A bi í bí ó bá ní Bíńtù. Ó ní òun ní, ṣùgbọ́n òun kì í tà á fún ẹni tí ó bá fi imú sí ẹnu ìgò tí ó sì fẹ́ sanwó lójú kan náà. Irú wọn ni ó ń padà wá jà lọ́la pé kì í ṣe ohun tí òun rà nìyí. Ó kán díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ wa. Ó ní kí a lọ yí ọjà ká títí di ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun ọ̀sán, kí a tó padà wá sọ bí a bá fẹ́.

A lọ ra òrí àti irú tí a rán wa láti ilé. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbá ọwọ́ wa mú, ó gbé e sí imú, ó sì yí ojú sẹ́yìn. Ó ní irú ti jẹ Bíńtù, kí a lọ fọ ọwọ́, kí a padà wá lọ́la.